«Ìsapá kò tó»: ohun tí ìwé ìdánwò ìrántí ń sọ, àti ohun tí kò sọ

Ẹni kan jábọ́ lórí zémìjàn lójú ọ̀nà Kétu, ó fi orí gbá títì. Ọgbẹ́ jiná, àmọ́ oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ó ń ráhùn pé iyè òun ń ra: ó yá ènìyàn lówó, ó gbàgbé, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kò rí i mọ́. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ adójútòfò, àwọn tí a ń pè ní asíráǹsì, tàbí ó dé ilé ẹjọ́, wọ́n sì ní kí ó lọ ṣe ìdánwò ìrántí ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu. Èdè Faransé ni ìwé àbájáde bá jáde, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó máa ń da ilé rú: «effort insuffisant», tàbí «résultats non valides». Ìsapá kò tó. Àbájáde kò ṣeé gbára lé.

Àwọn ará ilé á ní wọ́n ti pe ọmọ àwọn ní òpùrọ́. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò fún adójútòfò á kà á bákan náà: òpùrọ́ ni, ẹ má sanwó fún un. Àwọn méjèèjì ló ṣì í kà. Ohun tí gbólóhùn yẹn sọ kò ju pé nọ́ńbà tí ìdánwò gbé jáde kò fi agbára ìrántí ẹni náà hàn bó ṣe rí. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, ìdí yẹn sì lè tó mẹ́wàá.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yẹ ìsapá wò?

Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ yín láti wá ibà, ẹ̀jẹ̀ á sọ tirẹ̀, ẹ fẹ́, ẹ kọ̀. Ìdánwò ìrántí kò rí bẹ́ẹ̀. Olùdánniwò á ka ọ̀rọ̀ 15 sí yín létí, á ní kí ẹ tún un sọ. Bí ẹ bá sọ 4, ìwé rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá 4 péré ló kù lọ́kàn yín, tàbí ẹ mọ 10 tí ẹ sì pa 6 mọ́, tàbí oorun ló ń kùn yín. Ẹ̀rọ scanner kì í sábà gba ni sílẹ̀ níbi báyìí, nítorí bí orí bá gbá nǹkan tí kò le púpọ̀, àwòrán ọpọlọ sábà máa ń jáde láìsí àbùkù kankan.

Owó sì wà nídìí ọ̀rọ̀. Ní Benin, Code CIMA ló ń darí owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí ọkọ̀ ṣe léṣe. Òfin kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé jọ ń lò ni, ó sì wá láti inú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Yaoundé ní ọdún 1992. Dókítà ló ń sọ ìdá mélòó nínú 100 tí ara tàbí ọpọlọ kò lè padà sípò mọ́, ìdá yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó. Bí ìrántí bá ṣe burú tó lórí ìwé ni owó ṣe lè pọ̀ tó. Nítorí náà, kò sí èébú nínú pé wọ́n yẹ ìsapá wò. Gbogbo ẹni tó bá wá ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ìbáà jẹ́ àgbẹ̀.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀. *Ìsapá* ni kí ènìyàn fi gbogbo ọkàn dáhùn bó ṣe lè ṣe tó. *Ìdánwò ìsapá* ni ìdánwò kékeré tí wọ́n fi sáàárín àwọn ìdánwò ìrántí láti mọ̀ bóyá ìsapá yẹn wà. *Dídíbọ́n* ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, nítorí èrè kan: owó, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́. Ìdánwò ìsapá lè rí i pé ìsapá kù. Kò lè rí inú ẹni.

Ìdánwò tó dà bí èyí tó le

Ọ̀nà méjì ni ìrántí ń gbà yọ, wọn kò sì dọ́gba. Kí wọ́n ní «sọ gbogbo ohun tí o rí» fún ènìyàn, iṣẹ́ ńlá ni, ó ní láti fa nǹkan jáde fúnra rẹ̀. Kí wọ́n gbé nǹkan síwájú rẹ̀ kí ó ní «mo ti rí èyí», ìyẹn rọrùn gan-an, pàápàá bó bá jẹ́ àwòrán. Àwòrán kì í tètè kúrò lọ́kàn. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe é yege, ọ̀pọ̀ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa lóòótọ́ náà ń ṣe é yege. Ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ni kò mọ̀. Bó bá gbọ́ pé àwòrán 50 ni òun máa rí, á rò pé kò sí ẹni tó lè rántí gbogbo rẹ̀, bó bá sì ń díbọ́n, ibẹ̀ ni á ti fi ara rẹ̀ hàn.

Èyí tí wọ́n mọ̀ jù lọ nínú irú ìdánwò yìí ni TOMM, tí Tom Tombaugh ti Kánádà gbé jáde ní 1996. Wọ́n á fi àwòrán 50 hàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá 3. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé àwòrán méjì-méjì kalẹ̀, ọ̀kan tí ó ti rí, ọ̀kan tí kò rí rí, kí ó tọ́ka sí èyí tó ti rí. Bó bá ti ń tọ́ka ni wọ́n ń sọ fún un bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á. Wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sapá máa ń gba 48, 49 tàbí 50. Bí iye náà bá wá sílẹ̀ ju 45 lọ, ìbéèrè dé nìyẹn.

Ti André Rey, onímọ̀ ará Switzerland, kúrú ju èyí lọ. Nǹkan 15 wà lórí ìwé kan, ní ìlà 5, mẹ́ta-mẹ́ta: A B C, 1 2 3, a b c, àwòrán bíi róbótó àti onígun mẹ́ta, àti I II III. Wọ́n á fi hàn fún ìṣẹ́jú àáyá 10, wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á ní kí ó yà á. Wọ́n máa ń tẹnu mọ́ ọn pé nǹkan 15 ni, kí ó lè dún bí iṣẹ́ tó wúwo. Bí ó bá yà kò tó 9, wọ́n á fura.

Ẹ̀kẹta kò ní ìwé tirẹ̀, ó fara pamọ́ sínú ìdánwò nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn ń ṣe. Wọ́n á ka nọ́ńbà, ẹni náà á tún un sọ bó ṣe gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà wọ́n á ka òmíràn, á sọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ìgbà méjì ni wọ́n ń ka gígùn kọ̀ọ̀kan. Olùdánniwò á mú gígùn tó ga jù lọ tí ó gbà lẹ́ẹ̀mejèèjì ní síwájú, á fi kún ti ẹ̀yìn. Bó bá gba nọ́ńbà 4 lẹ́ẹ̀mejèèjì ní síwájú, tó gba 3 lẹ́ẹ̀mejèèjì láti ẹ̀yìn, 7 nìyẹn. Láti 1994 tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ti gbé ìṣirò yìí jáde, 7 tàbí ohun tó kéré sí i ni wọ́n sábà fi ń ṣe ààlà.

Nígbà tí àṣìṣe bá pọ̀ jù fún ẹni tí kò mọ̀

Ẹ wo ọmọdé tó di òkúta kékeré sínú ọwọ́ kan, tó na ìkúùkù méjèèjì sí yín pé kí ẹ mú ibi tó wà. Ẹ kò mọ̀ rárá, síbẹ̀ bí ẹ bá mú un nígbà 50, ẹ ó gbà á tó nǹkan bí ìgbà 25. Ó lè jẹ́ 22, ó lè jẹ́ 29. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ ní ìgbà 38 nínú 50 mọ ọwọ́ tí òkúta wà, ó sì ń yà kúrò níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán méjì-méjì yẹn. Ẹni tí kò rántí ohunkóhun, tó kàn ń tọ́ka, á gba nǹkan bí 25. Bí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ 100 bá ṣe é, nǹkan bí 3 ni yóò gba 18 tàbí ohun tó kéré sí i nípa èèṣì. Bí wọ́n bá tó 10,000, kò ní tó 2 nínú wọn tí yóò gba 12 tàbí ohun tó kéré sí i. Ẹni tó gba 12 ti fi hàn pé òun rántí, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè máa yà fún ìdáhùn tí kò mọ̀. Loring Pankratz lo ọgbọ́n yìí ní Amẹ́ríkà ní 1975 fún ẹni tó ní òun kò gbọ́ràn, nígbà tó di 1983 ó gbé e wá sórí ọ̀rọ̀ ìrántí.

Nínú gbogbo ẹ̀rí tó wà, èyí nìkan ló sún mọ́ kí ó sọ èrò inú ẹni. Ó sì ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń díbọ́n kì í lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àárín 25 sí 44 ni wọ́n ń wà. Ibẹ̀ gan-an sì ni arúgbó tí iyè rẹ̀ ń ra lóòótọ́ lè bá wọn sí.

Báwo ni ẹni tó ń gbàgbé lóòótọ́ ṣe ń gbàgbé?

Ìgbàgbé ní ètò tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi í kọ́ni jù lọ ni Henry Molaison, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́pọlọ ní 1953 nítorí wárápá. Láti ọjọ́ náà kò lè fi ohun tuntun pa mọ́ sọ́kàn. Ó máa ń bá dókítà sọ̀rọ̀, bí dókítà bá jáde tó sì padà wọlé, àlejò tuntun ni lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ó mọ orúkọ ara rẹ̀, ó mọ ìgbà èwe rẹ̀, ó ń sọ èdè rẹ̀ geerege, kódà iṣẹ́ ọwọ́ tuntun tí wọ́n kọ́ ọ ń dán mọ́ ọn lọ́wọ́ lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rántí pé òun ti ṣe é rí.

Ohun àtijọ́ ló ń pẹ́ lọ, ohun àná ló ń tètè lọ. Èyí ló ń jẹ́ kí olùdánniwò na etí bí ẹnì kan tó fi orí gbá nǹkan díẹ̀ bá ní òun kò mọ ọjọ́ orí òun mọ́. Bákan náà ni bí ẹnì kan bá fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ 9 jáde, àmọ́ tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ sí i létí kí ó sọ èyí tó ti gbọ́, tó wá mọ 5 péré: èyí tó le ṣeé ṣe, èyí tó rọrùn di òkè. Wọ́n tún máa ń wo ọjọ́. Ìforígbá tí kò le máa ń burú jù ní ìbẹ̀rẹ̀, á sì máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bí ìgbàgbé bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà, tó sì ń pọ̀ sí i, ó yẹ kí wọ́n wá ohun mìíràn, tí ìdààmú ọkàn, àìsùn àti oògùn wà lára wọn.

Wọ́n á sì fi ìdánwò wé ìgbésí ayé. Ẹni tí ìwé sọ pé kò lè rántí nǹkan 3, tó sì ń gun alùpùpù láti Ṣábẹ̀ẹ́ wá sí Àjàṣẹ́, tó ń ṣe ìṣirò oníbàárà 20 lọ́kàn, ọ̀kan nínú méjèèjì kò rí bó ṣe yẹ.

Àwọn tí ìdánwò lè mú láìṣẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ kàn wá jù, nítorí kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò wọ̀nyí tí wọ́n ṣe fún Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́.

Ẹ padà sí ìwé Rey. Lójú ẹni tó lọ ilé ìwé, nǹkan 5 péré ló wà níbẹ̀, torí bó bá ti rí A, B àti C ń tẹ̀ lé e, I sì ń fa II àti III. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn. Gbé e fún ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Ouando tí kò di kálámù mú rí, àmì 15 tí kò bá ara wọn tan ni ó rí, ìṣẹ́jú àáyá 10 ló sì ní. Ó ya 6. Ìlà tí wọ́n fà sí 9 kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ẹni tó ń díbọ́n.

Nọ́ńbà náà ń kọ́? Bí wọ́n bá ka á ní Faransé fún ẹni tó ń ka owó ní Yorùbá tàbí ní Ègùn láti kékeré, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń túmọ̀, ó sì ń há a sórí. Kíka nọ́ńbà láti ẹ̀yìn wá síwájú, ilé ìwé ló ń kọ́ni ní irú rẹ̀. Lójú àgbẹ̀ tí kò ṣe é rí, eré àwọn ọmọ ni. Àwọn onímọ̀ mọ̀ dájú pé ẹni tí ìwé rẹ̀ kéré ń wọ abẹ́ 7 láìjẹ́ pé ó parọ́.

Ògbufọ̀ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú gbólóhùn kan. Bí olùdánniwò bá ní «tọ́ka sí èyí tí o ti rí», tí ògbufọ̀ sì sọ ọ́ di «mú èyí tó wù ọ́», ẹni náà á mú èyí tó wù ú, á gba nǹkan bí 25 nínú 50, ìwé á ní ìsapá kò sí. Ọmọ tàbí àbúrò ẹni tí wọ́n ń dán wò kò yẹ fún iṣẹ́ yìí: wọ́n á ké ọ̀rọ̀ kúrú, wọ́n á fi ojú ṣe àmì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. TOMM ní kí wọ́n máa sọ «kò tọ̀nà» ní gbogbo ìgbà tí àṣìṣe bá wáyé. Ọmọ ọdún 26 tó ń sọ ọ́ fún bàbá ẹni 70 ní ìgbà mẹ́wàá láìkúnlẹ̀, láìní «ẹ má bínú, bàbá», á mú kí bàbá kó ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Á ṣì máa tọ́ka, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti jáde nílé náà.

Ní ti àìsàn, ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra gan-an nítorí ogbó àti ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú àìpé ọpọlọ lè kùnà láìsí ẹ̀tàn. Ẹni tí oògùn ń kùn lóorun náà lè kùnà, ì báà jẹ́ phénobarbital tí wọ́n fún un fún wárápá tàbí tramadol tó lò fún ìrora. Ìbànújẹ́ ọkàn nìkan kì í sábà mú kí ènìyàn kùnà, nítorí náà kí wọ́n má fi í ṣe àwáwí fún gbogbo ẹni.

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé wọ́n fara pa lóòótọ́, tí wọ́n sì fi kún un. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé dókítà kò ní gbà wọ́n gbọ́, ni wọ́n bá ṣe bí ẹni pé wọn kò rántí nǹkan kan mọ́. Ó dùn mí púpọ̀ láti rí irú èyí, nítorí ìpalára tó jẹ́ òótọ́ ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa rẹ́ lórí ìwé.

Ẹ̀rí kan kò tó

Àwọn tó ṣe ìdánwò wọ̀nyí sábà máa ń fa ìlà síbi tí kò fi ní ṣi ju nǹkan bí 10 mú nínú 100 olódodo. Ó dà bíi pé ó kéré. Ẹ fún ènìyàn ní ìdánwò 5 tí kò gbára lé ara wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àṣìmú 10 nínú 100: nǹkan bí 41 nínú 100 olódodo ni yóò kùnà nínú ọ̀kan, ó kéré tán. Àwọn tó máa kùnà nínú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ju nǹkan bí 8. Ìdí nìyí tí olùdánniwò tó mọṣẹ́ kì í fi sọ̀rọ̀ lórí ẹyọ kan.

Ibi tí wọ́n ti ṣe é ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ká ní ìdánwò kan ń mú 6 nínú 10 tó ń díbọ́n, tó sì ń ṣi 10 mú nínú 100 olódodo. Ní ilé ìwòsàn níbi tí owó kò sí nídìí rẹ̀, bí 10 bá ń díbọ́n nínú 100, yóò mú 6 nínú wọn, yóò sì mú 9 nínú olódodo 90: àwọn tí kò ṣẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ṣẹ̀ lọ. Ní ibi tí 40 ti ń díbọ́n nítorí owó, yóò mú 24, pẹ̀lú olódodo 6. Ìdánwò kan náà ni o, ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ní 2002, Wiley Mittenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà léèrè: wọ́n fojú bù ú sí nǹkan bí 39 nínú 100 fún àwọn tó fi orí gbá nǹkan díẹ̀ tí wọ́n sì ń béèrè owó, àti 8 nínú 100 fún aláìsàn tí kò béèrè owó kankan. Ẹjọ́ Amẹ́ríkà ló bí iye yẹn. Expert, onímọ̀ tí wọ́n yàn láti ṣe àyẹ̀wò, tó bá gbé e lé orí ará Ṣábẹ̀ẹ́ kò ṣe dáadáa.

Ìlànà tí Slick, Sherman àti Iverson kọ ní 1999, tí wọ́n tún ṣe ní 2020, béèrè ohun mẹ́ta kí wọ́n tó kọ «díbọ́n» sórí ìwé: kí èrè gidi wà, kí ẹ̀rí ìdánwò lágbára, kí àìsàn, àìlọ ilé ìwé tàbí nǹkan mìíràn má sì lè ṣàlàyé rẹ̀ tán.

Bí ẹ bá ń lọ, àti bí ìwé bá ti dé

Ẹ sùn dáadáa lálẹ́ tó ṣáájú. Bó bá jẹ́ Kétu lẹ ti ń bọ̀, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún àkókò tí kò ní jẹ́ kí ẹ jí ní aago mẹ́ta òru, ẹ sì jẹun kí ẹ tó wọlé. Ẹ mú gíláàsì ojú yín dání. Ẹ lo oògùn yín bí dókítà ṣe ní kí ẹ lò ó, kí ẹ sì kó páálí wọn gbogbo lọ. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ èdè tí ẹ fi ń ronú àti kíláàsì tí ẹ ti kúrò nílé ìwé, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ara bá rẹ̀ yín tàbí orí ń fọ́ yín, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá dúró di ẹ̀yìn ìwé, àwáwí ni á jọ. Ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ ọ́. Ohun tí ẹ kò dá lójú, ẹ ṣì tọ́ka sí èyí tí ọkàn yín bá lọ sí.

Bí ìwé bá ti jáde, tó sì ní ìsapá kò tó, ẹ wò ó bóyá ó sọ iye ìdánwò ìsapá tí wọ́n lò àti iye tí ẹ kùnà, èdè tí wọ́n fi ṣe é, ẹni tó ṣe ògbufọ̀, àti ìdí mìíràn tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Bí ìwọ̀nyí kò bá sí níbẹ̀, agbẹjọ́rò yín lè bẹ adájọ́ kí ó yan expert mìíràn. Àtúnṣe kò gbọdọ̀ wáyé ní ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, nítorí ẹni náà á ti mọ̀ wọ́n. Oṣù mélòó kan ni wọ́n sábà ń fi sí i, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, níbi tí irú rẹ̀ bá wà.

Kí ẹ sì mọ̀ pé àmì tó kéré nìkan ni àìsapá ń sọ di asán. Èyí tó ga kò ṣeé díbọ́n. Bí ìwé bá ní ẹ rántí ọ̀rọ̀ 11 nínú 15, agbára yín tó bẹ́ẹ̀ ó kéré tán, bó ti wù kí ìyókù rí, ó sì yẹ kí ìwé sọ èyí náà fún dókítà tó ń tọ́jú yín.